Ẹ̀yin tí ẹ ti wo Inception, kí lẹ rí níbẹ̀?

Láti Kúbwà, Àbújá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí Inception, fíìmù tí Christopher Nolan gbé jáde ní 2010. N kò wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ìrírí yín ni mo fẹ́ gbọ́: ta lẹ bá wò ó, kí lonítọ̀hún sọ, kí ló sì kù sí yín lọ́kàn? Nílé tiwa, àríyànjiyàn tí fíìmù yẹn dá sílẹ̀ kò tíì tán títí di òní, ẹni tí kò sì bá wa jiyàn rárá ló sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè gbàgbé.

Fún ẹni tí kò tíì rí i: iṣẹ́ Cobb, tí Leonardo DiCaprio ṣe, ni kó máa wọ inú àlá àwọn ènìyàn lọ jí àṣírí wọn. Saito, olówó kan ará Japan, wá gbé iṣẹ́ mìíràn fún un. Kò ní jí nǹkan kan. Ńṣe ni yóò lọ gbin èrò sọ́kàn Fischer, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ jogún ilé-iṣẹ́ bàbá rẹ̀, kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ tú ilé-iṣẹ́ náà ká. Wọ́n sùn nínú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n lálàá, wọ́n tún sùn nínú àlá yẹn, wọ́n lá òmíràn, wọ́n tún sùn nínú ìyẹn náà. Mal, ìyàwó Cobb, ti kú, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ọkọ rẹ̀ bá ti lálàá ló ti ń yọ, tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn àbúrò ọkọ mi méjì ló gbé e wá nínú fláàṣì. Ọ̀kan ń ṣe agùnbánirọ̀ ní Bwari nígbà náà. Wọ́n ti mú iná lọ láti ọ̀sán, a tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo ilé jókòó. Àwọn méjèèjì kò rí nǹkan mìíràn ju òkòtó lọ. Òkòtó irin kékeré kan wà lọ́wọ́ Cobb tó ti jẹ́ ti Mal rí. Bó bá ta á, tó ń yí láìṣubú, ojú àlá ló ṣì wà; bó bá ṣubú, ó ti jí. Nígbà tó dé ilé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, ó ta á sórí tábìlì, àmọ́ kò dúró wò ó. Òkòtó ń yí, ó fẹ́ mì díẹ̀, fíìmù parí. Háà! Ọ̀kan ní àlá ni. Èkejì ní ṣé kò rí i pé ó ti ń mì ni, àti pé òrùka ìgbéyàwó tó máa ń wà lọ́wọ́ Cobb nínú àlá kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ariwo wọn pọ̀ débi pé àwọn ará ilé kejì wá béèrè bóyá kò sí nǹkan.

Ìyá ọkọ mi, tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò sọ̀rọ̀. Èmi ni mò ń túmọ̀ fún wọn bí ó ti ń lọ. Ohun tí ajá rí tó fi ń gbó kò tó èyí tí àgùntàn fi ń ṣèran wò. Nígbà tí ilé rọlẹ̀, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, obìnrin yẹn ò tíì lọ o. Ta ló bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó kú? Ṣé kò ní àgbà nílé ni?” Wọn ò béèrè òkòtó. Pé ènìyàn lè kúrò lára ara rẹ̀ lójú oorun, kó bá ẹlòmíràn pàdé, kó sì mú nǹkan bọ̀, ìyẹn kì í ṣe àdììtú lójú wọn. Láàárọ̀, kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni, wọ́n á kọ́kọ́ gbàdúrà sórí ohun tí wọ́n rí lóru. Bí wọ́n bá sì jẹun lójú àlá, ààwẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà.

Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé àwa ń gbàdúrà kí Cobb àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yege. “Ẹni tó bá wọ inú àlá ọmọ ọlọ́mọ láìkànlẹ̀kùn, kí la máa ń pè é níbí?” Mo dákẹ́. Mo wá rántí Fischer. Bàbá ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kò sì sí ìrẹ́pọ̀ láàárín wọn. Nínú àlá kẹta, ó ṣí àpótí irin, ó bá ohun ìṣeré ìgbà èwe rẹ̀ níbẹ̀, ó sọkún, ó gbà pé bàbá òun fẹ́ràn òun. Irọ́ tí àwọn àjèjì hun fún un nítorí owó ni. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fíìmù náà wà, àti pé Nolan fi wọ́n sílẹ̀ jù: wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n gbé báàgì wọn, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè. Òkòtó ni gbogbo ayé ń wò.

Láti Lọ́kọ́ja

Àwo tí mo rà lọ́jà, tí wọ́n to fíìmù mẹ́wàá pọ̀ sí, ibi yìnyín, nínú àlá kẹta, ló há sí. Mo nù ún, mo fi omi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, kò lọ síwájú. Nítorí náà, lójú tèmi, inú òtútù yẹn ni gbogbo wọn wà, wọ́n ń yìnbọn síra wọn, ọkọ̀ akérò tí wọ́n sùn sí nínú àlá àkọ́kọ́ ṣì wà lófuurufú láàárín afárá àti odò, kò tíì kan omi. Ó máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ń gba orí afárá Múrítálá kọjá. Nínú ohun tí ẹ kọ yìí ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé Cobb délé bá àwọn ọmọ rẹ̀. Inú mi dùn.

Láti Zaria

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwọn tó ń wo òkòtó. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní ABU, èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá la jọ wò ó. Ohun tó kọ́kọ́ mú mi ni ìṣirò rẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ń lọ láti Sydney sí Los Angeles, wákàtí 10. Oògùn oorun tí Yusuf, apoògùn ẹgbẹ́ Cobb, pò fún wọn sọ wákàtí kan di 20 nínú àlá. Wákàtí 10 di 200, ìyẹn ọjọ́ mẹ́jọ àti díẹ̀. Nínú àlá kejì ó ju oṣù márùn-ún lọ, nínú ìkẹta ó lé ní ọdún mẹ́sàn-án. Mo ṣe é lórí ìwé, ó bá ohun tí wọ́n sọ nínú fíìmù mu: ọ̀sẹ̀ kan, oṣù mẹ́fà, ọdún mẹ́wàá. Ẹ wá ro ti Cobb àti Mal, tí wọ́n lo nǹkan bí 50 ọdún nísàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n darúgbó síbẹ̀, tí wọ́n sì jí, tí wọ́n tún padà di ọ̀dọ́. Èwo lẹ máa pè ní ayé nínú méjèèjì?

Yusuf yẹn, Mombasa ni wọ́n ti lọ bá a, àmọ́ Tangier ní Mòrókò ni wọ́n ti ya ibẹ̀. Ọ̀nà àárín yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tí Arthur, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ Cobb, ti ń jà lára ògiri àti àjà, wọ́n kàn án gidi ni ní Cardington nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ ló ń yí i po. Ara mi ṣì máa ń bù máṣọ bí mo bá rí i.

Ará Kàtsínà ni ẹnìkejì mi, Mùsùlùmí òdodo ni. Òkòtó kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó ní Ànábì ti sọ ọ́ tán pé oríṣi mẹ́ta ni àlá: èyí tó ti ọ̀dọ̀ Allah wá, èyí tí Ṣàìtánì fi ń dẹ́rù bani, àti èyí tí ọkàn ènìyàn ń bá ara rẹ̀ sọ. Ó ní gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn yìí ń wọ̀ kiri, ẹ̀kẹta ni. Ó fi àlá ọba nínú Súrà Yúsúfù wé e, màlúù méje tó sanra tí màlúù méje tó rù jẹ: ìyẹn dé pẹ̀lú ìtumọ̀, ìlú odidi kan sì là nípasẹ̀ rẹ̀. Ta ló lè wọ inú irú àlá bẹ́ẹ̀ lọ yí i padà? N kò rí èsì fọ̀.

Ní ti ìparí rẹ̀, Michael Caine, tó ṣe bàbá àgbà àwọn ọmọ náà, sọ ní 2018 pé Nolan sọ fún òun pé ibi tí òun bá ti wà nínú fíìmù náà, ojú ayé ni. Ó sì wà níbi ìparí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nolan fúnra rẹ̀ ń bá àwọn tó ń gba oyè ní Princeton sọ̀rọ̀ ní 2015, ohun tó sọ ni pé Cobb ti wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì kà á sí mọ́. Èmi dúró lórí ti Caine.

Láti Lugbe, Àbújá

N kò gbádùn rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ìdí. Kò sí ẹni tó ń lálàá báyẹn. Àlá tèmi, mo lè wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi ní Iléṣà pẹ̀lú ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ sínú oko kòkó, ìyá mi àgbà ń bá mi wí nítorí bàtà. Nínú fíìmù yìí, ìgboro gbòòrò, kóòtù dúdú, ìbọn, mọ́tò. Ẹni tó bá wo gbogbo ìyẹn fún wákàtí méjì ààbọ̀ yóò rò pé àwọn òṣìṣẹ́ báńkì nìkan ló ń sùn.

Láti Gwagwalada

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo máa ń ṣe jù. Bí ẹ bá dúró ti ẹni tó ń sùn, ẹ óò rí i tí ẹyinjú rẹ̀ ń sáré nínú ìpéǹpéjú. Inú oorun yẹn ni àlá tó mọ́lẹ̀ jù ti ń wáyé, ó sì máa ń padà wá ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú síra wọn. Gbogbo iṣan ara máa ń rọ nígbà náà, kí ènìyàn má baà dìde máa fi ara ṣe ohun tó ń rí. Nígbà mìíràn iyè a jí kí ara tó jí: ẹ óò la ojú, ẹ ò ní lè gbọ́wọ́, yóò dà bí ẹni pé nǹkan jókòó lé yín láyà. Ẹni tí wọ́n máa ń sọ fún nílé pé ogun òru ni, mo máa ń jókòó tì í, mo ń ṣàlàyé, n kì í fi àdúrà rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò àbúrò wa ní Zaria dára, àmọ́ oorun tòótọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Stephen LaBerge ní Stanford lo àwọn ènìyàn tó máa ń mọ̀ lójú àlá pé àlá ni àwọn ń lá. Wọ́n fi ojú ṣe àmì, wọ́n ka òǹkà láti ìkan dé mẹ́wàá lójú àlá, wọ́n tún ṣe àmì. Bó ti ń pẹ́ tó lójúmọ́ náà ló pẹ́ tó níbẹ̀.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ nínú fíìmù yẹn ni ikú Mal. Ó bẹ́ láti ojú fèrèsé nítorí ó dá a lójú pé àlá ló wà, pé òun á jí. Ọkọ rẹ̀ ló gbin ìyẹn sí i lọ́kàn. Mo ti tọ́jú àwọn tó ń jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n á dì mọ́ ọwọ́ mi, tí wọ́n á máa béèrè léraléra pé, “Ṣé mo ti jí? Ṣé ó dá yín lójú?” Mi ò kì í fi bẹ́ẹ̀ni kan ṣoṣo dá wọn lóhùn. Mo máa ń pe orúkọ wọn, mo máa ń sọ ọjọ́ tí a wà, mo máa ń sọ pé iṣẹ́ abẹ ti parí, ta ló wà níta tó ń dúró dè wọ́n. Láti ìgbà tí mo ti wo Mal, mo máa ń sọ ọ́ pẹ́.

Láti Kàdúná

Ìyàwó mi kú kí n tó wo fíìmù yìí. Ọmọ mi ọkùnrin ló ní kí n wá wò ó, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Mal kọ́kọ́ yọ, mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo omi tí mo gbé ka iná. Mo padà sídìí rẹ̀ fúnra mi nígbà tí ilé ti dá.

Ìbéèrè ìyá yín yẹn, ẹ̀yin ará Kúbwà, àwọn ará ilé mi ti bi mí ní irú rẹ̀. Wọ́n ní kí n má bá a jẹun lójú àlá, kí n má tẹ̀ lé e bó bá pè mí. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ibì kan wà lápá ìparí, tí Cobb sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òjìji lásán ni, pé òun ò lè fi iyè inú òun dá gbogbo ìwà rẹ̀, ìwà rere àti àléébù, padà bó ṣe wà. Mo dá fíìmù náà dúró níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń wá bá mi lójú oorun kì í bá mi jà. Ó máa ń wọ ankara aláwọ̀ omi aró, á rẹ́rìn-ín, á dákẹ́. Ìyàwó mi kì í dákẹ́! Bí mo bá pẹ́ dé láti Kawo, ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ra ẹran tó léegun jù, mo gbọ́ ọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi ni mo dá obìnrin onírẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀ nínú orí ara mi, mo sì ti fẹ́ gbàgbé ìkejì tó jẹ́ tòótọ́.

Láti ìgbà yẹn mo máa ń sọ ìjà wa fún àwọn ọmọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rán mi létí èyí tí mo ti gbàgbé.

Láti Kúbwà, Àbújá

Ẹ ṣé, Bàbá Kàdúná. Mo ka tiyín sétí ìyá ọkọ mi lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Wọ́n ní kí n kí yín, wọ́n sì ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ máa bá a sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, ìjà náà pẹ̀lú. Wọ́n ní bí a ṣe ń bá òkú sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Àbúrò wa ní Lọ́kọ́ja, bí ẹ bá ń gba Àbújá kọjá, ẹ yà. Fláàṣì náà ṣì wà, ó sì kọjá ibi yìnyín.