Ìbò Wyoming: ṣé lóòótọ́ ló lágbára ju ti California lọ, àbí kò wúlò rárá?

ỌmọÈkó_Denver

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó bá mi là á yé. Colorado ni mo ń gbé, Wyoming ló wà lókè wa níbí, téèyàn bá wa mọ́tò láti Denver kò tíì ní pé wákàtí méjì tó fi máa dé Cheyenne tó jẹ́ olú ìlú wọn. Ìpínlẹ̀ yẹn fẹ̀ gan-an o, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ Nàìjíríà lọ, ṣùgbọ́n èèyàn tí wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún 2020, 576,851 péré ni. Alimosho nìkan l'Ékòó ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ nínú ìkànìyàn 2006!

Àríyànjiyàn kan ló bẹ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Ẹnì kan ní ìbò ẹnì kan ní Wyoming tó ìbò èèyàn mẹ́rin ní California tó bá di ti ààrẹ. Ẹlòmíì ní irọ́ ni, ìbò Wyoming ò já mọ́ nǹkan kan, torí kí wọ́n tó ṣí àpótí rárá gbogbo èèyàn ti mọ ẹni tó wọlé. Kò yé mi bí nǹkan kan náà á ṣe lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ò sì ní wúlò. Ṣé láti ayébáyé ni wọ́n ti ń dìbò fún Republican ni, àbí ó níbi tó ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kò sí apá kan níbẹ̀ tó ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀? Mo ti di ọmọ ìlú níbí báyìí, mo sì fẹ́ mọ ohun tí mò ń dìbò sí dáadáa.

Olùkọ́_Ìṣèlú

Ìbéèrè gidi lo bi yìí. Jẹ́ ká ti orí ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin tí ìpínlẹ̀ kan bá ní, wọ́n á fi sẹ́nétọ̀ méjì lé e, iye ìbò Electoral College ẹ̀ nìyẹn, ìyẹn ìbò tí wọ́n pín fún àwọn ìpínlẹ̀, òun gan-an ni wọ́n fi ń yan ààrẹ. Ti ilé aṣojú, iye èèyàn ni wọ́n fi ń pín in, California ní 52, Wyoming ní ẹyọ kan ṣoṣo torí òfin ò gbà kí ìpínlẹ̀ kankan má ní aṣojú rárá. Ti sẹ́nétọ̀ ni kò wo iye èèyàn, méjì méjì ni gbogbo wọn ń gbà. Bó ṣe di pé Wyoming ní 3 nìyẹn, California ní 54. Tó o bá wá pín 576,851 sí ọ̀nà 3, èèyàn bíi 192,000 ló wà nídìí ìbò kọ̀ọ̀kan. Tó o bá pín mílíọ̀nù 39 àtààbọ̀ ti California sí ọ̀nà 54, bíi 732,000 ni. Ibi tí wọ́n ti rí ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn, kò tiẹ̀ pé mẹ́rin tán.

Ṣùgbọ́n wo bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn ní ìbò yẹn. Ní ìpínlẹ̀ 48, ẹni tó bá fi ẹyọ kan lé ẹnì kejì ló máa kó gbogbo ẹ̀ lọ. Ní 2024 Trump tó jẹ́ Republican ní 192,633 ní Wyoming, Harris tó jẹ́ Democrat ní 69,527, Trump kó mẹ́ta, Harris mú òfo. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló fi ju Harris lọ, mẹ́ta náà ni, tó bá sì jẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀ ló dìbò fún un, mẹ́ta náà ni. Torí ẹ̀ ni ò fi sí olùdíje tó máa ná owó ìpolongo síbẹ̀. Má sì rò pé àwọn Democrat Wyoming nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń dùn o. Ní 2020 àwọn tó dìbò fún Trump ní California lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà, wọ́n pọ̀ ju àwọn tó dìbò fún un ní Texas lọ, kò sí ẹyọ ìbò Electoral College kan tí wọ́n rí gbà fún un.

Maine àti Nebraska nìkan ló ń ṣe é lọ́tọ̀, wọ́n máa ń fún ẹni tó bá borí ní ẹkùn ilé aṣojú kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, lẹ́yìn náà wọ́n á fi méjì tó kù fún ẹni tó borí ní gbogbo ìpínlẹ̀. Nebraska yìí múlé gbe Wyoming, ìyẹn ni agbègbè Omaha fi fún Biden, Democrat, ní ìbò kan ní 2020, tó tún fún Harris ní 2024, bẹ́ẹ̀ Trump ló gba ìyókù. Ká ní Wyoming náà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la, kò ní yí nǹkan kan padà, ẹkùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn.

Awakọ̀_I80

Àbúrò, jẹ́ n dáhùn apá kejì torí mo mọ ibẹ̀ dáadáa, tírélà ni mò ń wa, ojú ọ̀nà I-80 tó gba ìsàlẹ̀ Wyoming kọjá yẹn ni mò ń ná. Tó o bá ti kúrò ní Laramie tó ò ń lọ sí Rawlins, lápá Elk Mountain, atẹ́gùn tó ń fẹ́ níbẹ̀ máa ń dá tírélà òfìfo dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ìgbà òtútù géètì irin ni wọ́n fi máa ń dí ọ̀nà, gbogbo wa á wá tò síbẹ̀ títí wọ́n á fi ṣí i. Ibi téèyàn ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣèlú wọn nìyẹn, torí kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ń lọ.

Kì í ṣe láti ayébáyé o. Àwọn ìlú tó wà lójú ọ̀nà yẹn, Cheyenne, Laramie, Rawlins, Rock Springs, rélùwéè Union Pacific ló bí wọn, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn awakùsà tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló kún ibẹ̀, Democrat ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá káńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) Sweetwater tí Rock Springs wà. Títí dòní wọ́n ń wa trona níbẹ̀, ìran káún tiwa tá a fi ń se ewédú náà ni, kò sí ibi tó pọ̀ tó níbẹ̀ láyé, wọ́n ń fi ṣe gíláàsì. Ṣùgbọ́n ní 2020 Trump gba ju ìdá 70 nínú 100 lọ ní Sweetwater yẹn náà. Àwọn bàbá àgbà níbẹ̀ á sọ fún ẹ pé Democrat ni bàbá àwọn, àwọn náà sì ṣe é nígbà kan, kí ẹgbẹ́ yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá èédú jà.

Èédú yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Apá òkè lọ́hùn-ún, ní Gillette, káńtì Campbell, ibẹ̀ ni Powder River Basin, nǹkan bíi ìdá 40 nínú 100 èédú gbogbo Amẹ́ríkà ibẹ̀ ló ti ń wá. Tó o bá dúró síbi tí rélùwéè èédú ti ń kọjá, wàá kà á títí, ọkọ̀ dúdú kan lẹ́yìn òmíì, á lé ní ọgọ́rùn-ún kó tó tán. Owó tí wọ́n ń gbà lórí èédú, epo àti gáàsì ni wọ́n fi ń kọ́ ilé ìwé, òun ló jẹ́ kí wọ́n má máa gba owó orí lórí owó oṣù ẹnikẹ́ni. Èèyàn tó ń jẹun nídìí ẹ̀, tí olùdíje kan wá dúró sórí tẹlifíṣọ̀n ní òun fẹ́ dá èédú dúró, kí lo rò pé ó máa ṣe? Ní Campbell, Trump gba ju ìdá 85 nínú 100 lọ ní 2020. Fi kún un pé ìjọba àpapọ̀ ló ni bíi ìdajì ilẹ̀ Wyoming, ẹni tó ń sin màlúù gan-an Washington ló máa fún un láṣẹ kó tó da ẹran lọ jẹko. Mi ò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ló tọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní wọ́n kàn ń dìbò bí aláìmọ̀kan, kò tíì bá wọn jókòó rí.

Àwọn tó yàtọ̀ wà. Teton, níbi tí Jackson wà lẹ́bàá àwọn òkè ńlá yẹn, láti 2004 Democrat ni wọ́n ń dìbò fún, Biden gba bíi ìdá 67 níbẹ̀. Olówó ló kó ibẹ̀ jọ, àwọn tó ń wá ski lórí yìnyín àti àwọn tó ń sá fún owó orí ìpínlẹ̀ tiwọn, ilé ti wọ́n débi pé àwọn tó ń se oúnjẹ tó ń fọ yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, Idaho lọ́hùn-ún ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sùn, wọ́n á wá gun òkè kọjá láràárọ̀. Èkejì ni Albany, níbi tí yunifásítì wà ní Laramie, Biden fi díẹ̀ gba ìyẹn náà ní 2020. Méjì péré nínú káńtì 23.

Ìyá_Títí

Ẹ kú àlàyé o. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ìbò wọn ò wúlò, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú. Ibẹ̀ ni àwa obìnrin ti kọ́kọ́ rí ẹ̀tọ́ ìdìbò tó gbòòrò gbà ní Amẹ́ríkà, December 1869 ni wọ́n ṣòfin ẹ̀ nígbà tí Wyoming ò tíì di ìpínlẹ̀ rárá. September 1870, ìyá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Louisa Swain lọ dìbò ní Laramie. Ó ku àádọ́ta ọdún kí gbogbo obìnrin Amẹ́ríkà tó rí i sínú òfin!

Ẹ sì tún rántí ọdún 2000. 271 ni George W. Bush fi wọlé, 270 ni wọ́n ń wá. Yọ mẹ́ta Wyoming kúrò níbẹ̀, 268 ló kù, kò dé ibẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ayé ń wo Florida fún ọ̀sẹ̀ bíi márùn-ún, kò sẹ́ni tó dárúkọ Wyoming, torí wọ́n ti kà á mọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà, Dick Cheney tó jẹ́ igbákejì ẹ̀, Texas ló ń gbé bíi ti Bush, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe kejìlá nínú òfin ìpìlẹ̀ ní àwọn tó ń di ìbò Electoral College fún ìpínlẹ̀ kan ò gbọ́dọ̀ dìbò fún ààrẹ àti igbákejì tí àwọn méjèèjì jẹ́ ará ìpínlẹ̀ wọn. Ìbò 32 Texas ni wọn ì bá fi ṣeré. Ní July 2000 Cheney wọ bàálù lọ sí Jackson, ó lọ gbé orúkọ ìdìbò ẹ̀ padà sí Wyoming tó ti ṣe ọmọ ilé aṣojú wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi pé Wyoming ò wúlò.

California lèmi ń dìbò o, ó sì máa ń ká mi lára. Kò yẹ kí ibi téèyàn ń gbé sọ bí ohùn ẹ̀ á ṣe tóbi tó.

ỌmọÈkó_Denver

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun mà. Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, nígbà wo wá ni Democrat wọlé ààrẹ níbẹ̀ kẹ́yìn? Àti pé Liz Cheney, ọmọ Dick Cheney yìí, kí ló dé tí wọ́n fi lé e bẹ́ẹ̀ nígbà tó jẹ́ orúkọ bàbá ẹ̀ ni wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀?

Awakọ̀_I80

1964, Lyndon Johnson, ó gba bíi ìdá 56 níbẹ̀. Láti 1968 títí di 2024 Republican ni ṣáá. Ìgbà tí Democrat tún sún mọ́ ọn díẹ̀ ni 1992 tí Ross Perot, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, kó bíi ìdá 26 lọ, Bush bàbá ní bíi 40, Clinton 34. Àtìgbà náà ló ti ń jìn sí i. Ní 2020 àti 2024 kò sí ìpínlẹ̀ tí Trump ti gba ìdá tó ga tó ti Wyoming, 2024 lé ní 71.

Ti ọmọbìnrin yẹn, òun ló ń ṣojú Wyoming nílé aṣojú nígbà yẹn, ó dìbò pé kí wọ́n yọ Trump lẹ́yìn ọ̀rọ̀ January 6, 2021 tí àwọn alátìlẹ́yìn Trump ya wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ní ìdìbò abẹ́lé August 2022 Harriet Hageman gba bíi ìdá 66, òun gba bíi 29. Ojú mi ni àwọn pátákó ìpolongo yẹn ṣe kún títì. Ọ̀rọ̀ orúkọ bàbá ti kúrò níbẹ̀, ta lo wà lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n ń bi í.

Ohun tó sì ń dùn mí ni pé wọn ò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gómìnà Dave Freudenthal, Democrat ni, ní 2006 bíi ìdá 70 ló fi padà wọlé, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn yìí kan náà ló fún Bush ní bíi 69 ní 2004. Ìgbà yẹn wọ́n ń wo ojú ẹni tó dúró níwájú wọn. Ìpínlẹ̀ kékeré ni, gómìnà lè wà nílé oúnjẹ kan náà pẹ̀lú ẹ, o lè bá a sọ ohun tó ń dùn ẹ́. Báyìí ohun tí wọ́n ń gbọ́ látòkèèrè lórí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni wọ́n fi ń dìbò títí dé orí ìjókòó ìbílẹ̀.

Ará_Ṣàgámù

Tiwa nílé náà ò burú nídìí èyí o. Ìbò ẹnì kan, ìbò ẹnì kan ni níbikíbi, ẹni tó bá sì fẹ́ di ààrẹ gbọ́dọ̀ tún ní ó kéré tán ìdá 25 nínú 100 nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Abuja. Ìyẹn ni pé kódà níbi tí o ò ti ní wọlé, o nílò èèyàn níbẹ̀, wàá lọ bẹ̀ wọ́n. Harris gba bíi ìdá 26 ní Wyoming, nílé wa ìyẹn ti wúlò fún un nìyẹn. Kí ló dé tí Amẹ́ríkà ò yí tiwọn padà?

Olùkọ́_Ìṣèlú

Torí ó le láti yí. Kí wọ́n tó tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì ní Washington gbọ́dọ̀ gbà, lẹ́yìn náà ìpínlẹ̀ 38 nínú 50. Ìpínlẹ̀ 13 tó bá kọ̀, ó ti dúró nìyẹn. Ka àwọn tó ní ìbò mẹ́ta mẹ́ta bíi Wyoming, mẹ́fà ni wọ́n, àwọn tó ní mẹ́rin mẹ́rin jẹ́ méje, mẹ́tàlá géérégé!

Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ronú bákan náà. Àdéhùn kan wà tí àwọn ìpínlẹ̀ ń wọ̀, pé tí àwọn tó wà nínú ẹ̀ bá ti ní ìbò 270 láàárín ara wọn, ẹni tí èèyàn pọ̀ jù dìbò fún ní gbogbo Amẹ́ríkà ni wọ́n máa fi tiwọn fún. Vermont, Delaware, Hawaii, Rhode Island àti Maine ti wọ̀ ọ́, kékeré sì ni gbogbo wọn. Wyoming ò wọ̀ ọ́. ỌmọÈkó, Colorado tìẹ ti wọ̀ ọ́ ní tiẹ̀ o, ní 2020 wọ́n gbé e fún àwọn ará ìlú kí wọ́n dìbò lé e lórí, wọ́n sì gbà á wọlé.

ỌmọÈkó_Denver

Háà, mi ò mọ èyí rárá! Màá lọ ka ìwé àdéhùn yẹn lálẹ́ yìí. Ẹ ṣé gan-an.