"Ìdì" kọ́ ni kọ̀ǹpútà tó há

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá lóṣù tó kọjá pé "ìdì" ni kí a máa pè é nígbà tí kọ̀ǹpútà bá dúró gbagidi sójú kan, àti "ìforísọ" nígbà tí ó bá ṣàdédé dáṣẹ́ sílẹ̀, mo kí yín o. Mo mọ iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe lórí èdè wa, ṣùgbọ́n n kò lè gba ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí wọlé, pàápàá "ìdì".

Ẹ ní bí omi ṣe ń dì ni ẹ̀rọ náà ń dì. Yàtọ̀ sí yìnyín, ta ló rí omi dídì ní Abẹ́òkúta kí fíríìjì tó dé? Ẹ̀kọ ni àwa mọ̀ pé ó ń dì. Ìyá ìyá mi ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtòkú. Bí ẹ̀kọ láfún tí wọ́n ń fi páànù tẹ̀ sára aṣọ bá dì nínú ìkòkò, inú rẹ̀ a dùn, nítorí ó ti tó iṣẹ́ í ṣe nìyẹn. "Dì" lẹ́nu ìyá àgbà kì í ṣe àbùkù. "Dì" mìíràn sì wà nínú orúkọ aṣọ náà gan-an, à-dì-rẹ, ohun tí a dì kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibẹ̀ ni ìdì igi àti ìdì aṣọ ti wá, nítorí náà ẹni tó bá gbọ́ "ìdì kọ̀ǹpútà" níbí yóò máa wo ọ̀nà bóyá ẹrù ń bọ̀. Bí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀, ó di idì, ẹyẹ; bó bá tún yẹ̀, ó di ìdí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò mi tó to kọ̀ǹpútà tuntun jọ fúnra rẹ̀ ní Ìbarà lo ọ̀rọ̀ yín. Ó kọ̀wé sí mi láìfi àmì sí i: "Mo ti ri idi naa, sugbon n ko tii ri idi re." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Nígbà tí mo débẹ̀, àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo bá. Nígbà mìíràn, àwòrán ojú rẹ̀ a dúró, ọfà máòsì kò ní mì, orin tó ń kọ a sì máa tún ẹyọ ìró kan ṣoṣo pè. Ó há nìyẹn, bí egungun ẹja ṣe ń há ènìyàn lọ́fun. Nígbà mìíràn, bí ó bá ń ta géèmù lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ a kú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò ṣe ń kú. Windows, ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, kọ Kernel-Power 41 sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, èyí tó kàn ń sọ pé a kò pa ẹ̀rọ náà bó ṣe yẹ. Kò sọ ohun tó pa á.

A yọ RAM méjèèjì, ìyẹn pátákó ìrántí ẹ̀rọ náà, a sì fi MemTest86, ètò tó ń wá àṣìṣe inú RAM, yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkejì ló kún fún àṣìṣe, ìgbà tí a sì yọ ọ́ kúrò ni híhá dáwọ́ dúró. Kíkú kò dáwọ́ dúró ní tirẹ̀, àfìgbà tí a tú ohun tó ń mú ọpọlọ ẹ̀rọ náà tutù, tí a rí ọ̀rá tín-ínrín tí ọmọ náà gbàgbé láti ṣí kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀. Ooru ń dé 100°C, ẹ̀rọ náà sì ń pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Bí a bá pe méjèèjì ní "ìdì" bí ọmọ náà ṣe ṣe, ibo ni ọmọ náà ì bá ti bẹ̀rẹ̀?

Ní ti "ìforísọ", kí ló forí sọ? Bí ojú kọ̀ǹpútà bá di búlúù, Windows fúnra rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró kí nǹkan má baà bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tún ń padà bọ̀ sípò. Dídákú ni mo pe ìyẹn.

Ẹnìkan ní èdè àwọn atúnfóònùṣe Panṣẹ́kẹ́ ni "há". Òótọ́ ni, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ kí àwa tó jókòó. Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ nílùú yìí lọ́dún 1859, ọ̀rọ̀ méjì tó wà lẹ́nu ará Ẹ̀gbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Ohun tó kù tí n óò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n dá mi lóhùn lé lórí ni ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀: "híhá" ni mo fara mọ́, nítorí "ìhá" ti sún mọ́ "ìhà" jù.