Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kan bàálù fóòmù àfiṣeré, báwo lẹ ṣe ń wọn apá kẹ́ ẹ tó mọ ojú CG, ibi tí bàálù ti ń dúró dọ́gba láàárín imú àti ìrù?

Afífóòmùfò: Láti etí iwájú dé etí ẹ̀yìn, apá tèmi fẹ̀ ní 24 sẹ̀ǹtímítà nídìí (ibi tó ti so mọ́ ara bàálù), 16 péré ni ní ṣóńṣó, etí iwájú ṣóńṣó sì fi 9 sún sẹ́yìn. Wọ́n ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni kí CG wà. 25 ti èwo? Ẹ sọ bí tiyín ṣe lọ.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ti ìdí kọ́ o! Ohun tí àbúrò mi wọ̀n nìyẹn. Imú ló ń fi kanlẹ̀ ṣáá bí adìyẹ tó rí àgbàdo.

Bàbá Rúlà: Ẹ ya apá náà sórí páálí. Nídìí, ẹ fi 16 kún un síwájú. Ní ṣóńṣó, ẹ fi 24 kún un sẹ́yìn. Ẹ fa ìlà so òpin àfikún méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ tún fa òmíràn láti àárín ìdí dé àárín ṣóńṣó. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni kẹ́ ẹ ti wọn fífẹ̀ apá. Tiyín á tó 20.3 níbẹ̀. Ẹ mú ìdá 25 rẹ̀, ẹ fi sísún etí iwájú níbi ìpàdé yẹn (kì í ṣe 9 ti ṣóńṣó) kún un: CG yín á wà ní nǹkan bí 9.3 sẹ́yìn etí iwájú ìdí. Ẹni tó wọn ti ìdí nìkan á fi sí 6!

Jẹ́jẹ́: Páálí kẹ̀? Íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe é ọ̀fẹ́.

Bàbá Rúlà: Tí dátà bá tán ńkọ́?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: 😂😂

Ìyá Ìbejì Peckham: Ẹ má dá mi lẹ́rìn-ín. Bàbá àwọn ìbejì fi ìka méjì gbé tiwọn lábẹ́ apá lórí tábìlì oúnjẹ mi, bátìrì ò sí nínú ẹ̀! Wọ́n ń lẹ òjé mọ́ imú títí ó fi dọ́gba. Mo ní ẹ ki bátìrì bọ̀ ọ́ ná. Wọ́n ní kí n lọ wo ọbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ki bátìrì bọmú tí wọ́n jù ú, ó dorí kodò. Ọbẹ̀ mi ò jóná o.

Alépo: Bátìrì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tiwa tó ń lo epo, táńkì òfìfo la fi ń wọ̀n, torí bí epo bá ṣe ń tán nimú ń fúyẹ́.

Jẹ́jẹ́: Ta ló ṣì ń lo epo? Ariwo!

Alépo: Ariwo yẹn gan-an ladùn ẹ̀. Tiyín ń dún bíi fáànù.

Kò-nírù: Èyí tí ò nírù ńkọ́?

Bàbá Rúlà: 15 sí 20. Má fi 25 dán an wò.

Afífóòmùfò: Mo ti rí 9.3 lórí páálí. Àmọ́ ìrù ṣì wúwo, bátìrì ò sì lè lọ síwájú mọ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Gé fóòmù imú, kó ráyè wọlé. Òjé kẹ́yìn.

Ìyá Ìbejì Peckham: Òjé pọ̀ nílé wa tẹ́ ẹ bá fẹ́.