Ẹ gbà mí o, ping (ìdánwò bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dáhùn) ń lọ ó ń bọ̀ lórí ríìngì Abuja sí Kaduna

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Oníbàárà kan la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sínú VRF tiẹ̀ (table ọ̀nà tó dá dúró fún un nínú router) lórí ríìngì fíbà wa, àtìgbà yẹn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ ti ń kú tó ń jí. Iná orí fíbà dáa, -14 dBm ló ń wọlé, DWDM (ẹ̀rọ tó ń kó iná oríṣiríṣi sórí fíbà kan) ò ké alarm kankan, síbẹ̀ ọ̀gá mi ń pariwo pé fíbà ni kí n lọ wò, ó bú mi níwájú àlejò, èmi tí mò ń sun ọ́fíìsì ní Wuse tí jẹnẹrétọ̀ ò sì gbé AC. Mo ti clear ARP (àkọsílẹ̀ IP àti MAC, ìyẹn nọ́mbà ìdámọ̀ ẹ̀rọ, tó bá a mu) títí ó fi sú mi, á dáa díẹ̀, á tún kú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì Lugbe: Ṣé o dárúkọ VRF nínú ping ẹ? Tí o ò bá dárúkọ ẹ̀, table gbogboogbò ló máa wò. Lórí Cisco IOS, tó o bá so interface mọ́ VRF, IP orí ẹ̀ máa lọ, o máa tún un kọ.

Olùbéèrè: Mo mọ̀yẹn bọ̀dá mi. IP wà níbẹ̀.

Ọmọ Kaduna: Fíbà ni jàre. Àwọn tó ń ṣe títì gé tiwa lójú ọ̀nà, odindi òru la fi so ó, ẹ̀fọn fẹ́ẹ̀ jẹ wá tán.

Ṣadé NOC: Ẹ gbàgbé fíbà, ó ti sọ pé iná dáa. Àbúrò, kí ló wà nínú ARP ẹ? MAC wo ni gateway (ẹnu ọ̀nà tí oníbàárà ń gbà jáde) gbé jáde?

Ọmọ Lọ́kọ́ja: Clear ARP.

Olùbéèrè: Mo ní mo ti clear ẹ! 0000.5e00.010a ni, àmọ́ kí ló kan MAC nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ṣadé NOC: VRRP nìyẹn, ohun tí router méjì fi ń jọ gbé IP gateway kan. Group 10 ni, 0a yẹn ni 10 ní hexadecimal. Ta ló tún ń lo 10 lórí VLAN (ìpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí switch) yẹn?

Olùbéèrè: Oníbàárà tó wà ní Kaduna. VLAN kan náà ni wọ́n jọ ń gbà, wọn ò fún mi ní òmíì. Ṣebí VRF ti yà wọ́n.

Bàbá Ìbejì Lugbe: Òótọ́ ló sọ, VRF ti yà wọ́n.

Ṣadé NOC: Rárá sà. Route àti ARP ni VRF ń yà, kì í ya VLAN. MAC kan náà ń yọ láti Abuja, ó ń yọ láti Kaduna, switch ò mọ ibi tó máa darí ẹ̀ sí. Tó bá clear ARP, switch á tún rí i níbi tó tọ́, ìgbà tí Kaduna bá tún sọ̀rọ̀ ó bàjẹ́. Gba VLAN tuntun, ìyẹn gan-an ló dáa jù. Tí wọn ò bá fún ẹ, yí group padà.

Olùbéèrè: Mo ti sọ ọ́ di 20, MAC ti di 0000.5e00.0114. Ping ò já mọ́ o! Ẹ ṣeun àǹtí mi, Ọlọ́run á bù kún yín.

Ṣadé NOC: Àmín. Router kejì ńkọ́? Tó bá ṣì wà ní 10, àwọn méjèèjì máa pe ara wọn ní master (router tó ń dáhùn fún gateway), IP kan á wá ní MAC méjì.

Olùbéèrè: Gwagwalada nìyẹn wà. Mò ń wọlé sí i báyìí.