Iye náítírójìn tí ẹ̀wà ń fà láti inú afẹ́fẹ́: báwo ni a ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ̀yin àgbà. Mo gbin ẹ̀wà sí ẹ̀yìn Òṣogbo, àgbàdo sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fa ẹ̀wà mẹ́rin tu, mo rí kókó (àwọn kókó kéékèèké tí kòkòrò àìfojúrí inú wọn ń fa náítírójìn, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn, láti inú afẹ́fẹ́) lára gbòǹgbò wọn, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, tàbí iye tí ó ń fà.

Ìdáhùn kìíní: Àbúrò, má fà á tu mọ́, nítorí kókó á já sínú ilẹ̀. Fi ọkọ́ wa ìdí rẹ̀ nígbà tí ó bá ń yọ òdòdó, fi omi ṣan án, kí o sì fi abẹ la kókó kan sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá pupa bí ẹran tútù, ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá funfun tàbí tí ó ní àwọ̀ ewé, kò ṣiṣẹ́.

Ìdáhùn kejì: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ àwọ̀ kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ilẹ̀ ni àgbàdo ti ń rí náítírójìn tirẹ̀, nítorí náà, bí ẹ bá gé àgbàdo àti ẹ̀wà láti ìwọ̀n ilẹ̀ kan náà, tí ẹ sá wọn gbẹ, tí ẹ wọ̀n wọ́n, tí yàrá àyẹ̀wò sì sọ iye náítírójìn inú wọn, ohun tí ẹ̀wà fi ju àgbàdo lọ ni a ń kà sí ti afẹ́fẹ́. Ó máa ń ṣìnà díẹ̀, torí gbòǹgbò wọn kò rí bákan náà. Ọ̀nà náítírójìn-15, ìyẹn oríṣi náítírójìn tí ó wúwo díẹ̀ ju ti ìgbàgbogbo lọ, péye jù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n gógó.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, sà. Mo ti fi ajílẹ̀ yúríà sí àgbàdo náà ńkọ́?

Ìdáhùn kejì: Ẹ má fi àgbàdo yẹn ṣe ìfiwéra nìyẹn, torí náítírójìn wà nínú yúríà. Ẹ gbin òmíràn tí kò ní jẹ ajílẹ̀.