Ta ló rántí ilé ìsọ̀ alájà yẹn ní Sápọ́n, l'Ábẹ́òkúta?

Ọmọ Aké: Ẹ kú ilé o. Mo gba iwájú ilé ìsọ̀ wa yẹn kọjá ní Sátidé. Ewúrẹ́ mẹ́ta ló sùn sójú àtẹ̀gùn. Ewúrẹ́ o! Níbi tí èrò kì í ti í jẹ́ kéèyàn rọ́nà gbà bí ọdún bá kù dẹ̀dẹ̀. Ta ló rántí nǹkan kan níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Oníbàtà ìsàlẹ̀! Á kọ́kọ́ tẹ́ páálí sílẹ̀ kó o tó wọ bàtà wò. Tẹ́sẹ̀ ẹ bá yọ kan sìmẹ́ńtì pẹ́rẹ́, "O ti rà á nìyẹn!" Màmá mi á fi àtàǹpàkò tẹ iwájú bàtà, wọ́n á ní kó mú èyí tó jù ú lọ wá, pé mo ṣì ń dàgbà. Òwú ni wọ́n ń kì sí i. Wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ ni mo fi wọ́ bàtà yẹn dé yídì. Ìgbà tó máa fi bá mi lẹ́sẹ̀ mu, ó ti já.

Kò Kàn Mí: Ìyá Ìbejì, ṣé ìyá kan náà ló bí wa ni? 😂

Bọ̀dá Láfẹ́nwá: Bàtà lẹ̀ ń sọ. Onírẹ́kọ́ọ̀dù òkè ńkọ́? Àárọ̀ ṣúlẹ̀, Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, ni. Ojú mi báyìí ni Àyìnlá fúnra ẹ̀ ṣe gun àtẹ̀gùn yẹn lọ́jọ́ kan, tí gbogbo ìsọ̀ dákẹ́ lọ gbári.

Ọmọ Aké: Ọdún wo nìyẹn, bọ̀dá?

Bọ̀dá Láfẹ́nwá: Mo wà ní pírámárì. 1983, bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Oṣù karùn-ún 1980 ni Àyìnlá kú. Ṣé òkú ló wá ra kásẹ́ẹ̀tì ni?

Bọ̀dá Láfẹ́nwá: Ẹni tó jọ ọ́ ni nígbà náà.

Kò Kàn Mí: 😂😂😂 Ọjà Pánṣẹ́kẹ́ ló kó oníbàárà ibẹ̀ lọ jàre.

Àǹtí Aláró: Irọ́ ni. Mo gba ìsọ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí bàbá onílé kú, ọmọ mẹ́ta ló ń wá gba owó ìsọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi. O san fún ẹ̀gbọ́n, àbúrò á wá ti kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ mọ́ ọ níta. Mo kó ẹrù mi lọ sí Ìtòkú.

Kò Kàn Mí: Ìtòkú tó kún fún àdìrẹ Ṣáínà?

Àǹtí Aláró: Wá wo abẹ́ èékánná mi, aró ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ni màmá mi fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Ti Ṣáínà, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Yí i sódì, wàá rí i pé ẹ̀yìn ẹ̀ ti ṣá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rà á lẹ ba ọjà wa jẹ́.

Kò Kàn Mí: Kò kàn mí o.

Adébọ̀: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti gbàgbé ayafọ́tò. Ó ní aṣọ tí wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú sí, wọ́n á gbé ẹ síwájú ẹ̀ bí ẹni tó ń lọ Lọ́ńdọ̀n. Ẹyọ bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ mi nínú tèmi. Èkejì bọ́ sí gọ́tà lọ́nà. Fọ́tò yẹn ṣì wà ní pálọ̀ bàbá mi.

Ìyá Ìbejì: Èyí tó tóbi jù ọ́ ni, àbí?

Adébọ̀: Tòwú-tòwú ló lọ, mà.

Bọ̀dá Láfẹ́nwá: Àmọ́ ọkùnrin tí mo rí yẹn gé fìlà bíi ti Àyìnlá gan-an ni o.