Ìléròrò tí kò jinná: ṣé jẹjẹrẹ ló wà lẹ́yìn rẹ̀?

Ìbéèrè (Òkè-Àró, Àkúrẹ́)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìléròrò ńlá-ńlá tó kún fún omi ló bo ìtan àti ikùn ìyá mi, tí wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 70. Àwọn aládùúgbò ní ilẹ̀ gbígbóná ni, ṣùgbọ́n dókítà awọ ara ní bullous pemphigoid ni, ìyẹn àrùn awọ kan tó máa ń mú ìléròrò jáde, ó sì mẹ́nu ba àyẹ̀wò jẹjẹrẹ. Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú mi. Ṣé àrùn yìí lè di jẹjẹrẹ ni?

Ìdáhùn (nọ́ọ̀sì, Òndó)
Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í di jẹjẹrẹ. Àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà ló kọjú sí ara fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń já ohun tó so awọ òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, tí omi sì ń dúró sáàárín wọn. Àwọn àgbàlagbà ló sábà máa ń ní in, àwọn kan náà sì ni jẹjẹrẹ sábà máa ń mú. Nítorí náà, rírí méjèèjì lára ẹnì kan kò fi hàn pé ọ̀kan ló bí èkejì. Lójú tèmi, àyẹ̀wò tó bá ọjọ́ orí wọn mu ti tó, àfi bí wọ́n bá ń rù tàbí tí kókó bá yọ lára wọn.

Ìdáhùn (Ọ̀wọ̀)
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irú mìíràn wà tí a kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín wò. Ní ọdún 1990 ni Grant Anhalt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe paraneoplastic pemphigus, èyí tó máa ń bá jẹjẹrẹ rìn, pàápàá lymphoma (jẹjẹrẹ àwọn kókó inú ara tó ń bá àrùn jà) àti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ẹnu ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: egbò á bo ètè àti ahọ́n débi pé ẹ̀kọ mímu pàápàá á di ìnira, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ yẹ ẹnu Màmá wò dáadáa. Bí egbò bá wà níbẹ̀ tí kò gbọ́ oògùn, ẹ tètè sọ fún dókítà. Awọ díẹ̀ tí wọ́n bá gé lọ fún àyẹ̀wò, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n fi ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Kò sí egbò lẹ́nu wọn, wọ́n sì ń jẹun. Prednisolone, oògùn steroid tó ń dín wíwú kù, ni dókítà kọ fún wọn. Ṣé a lè dá oògùn náà dúró tí ojú ìléròrò bá ti gbẹ?

Ìdáhùn (nọ́ọ̀sì, Òndó)
Rárá o. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, nítorí pé dídá a dúró lójijì léwu. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àgbo wẹ ojú ìléròrò náà.